Ẹ Jẹ́ Kí Ìránṣẹ́ Fúyẹ́, Kí Sáfà Gbọ́ Èdè Wa

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tí kò mọ̀ ju fóònù lọ gan-an ni mo fẹ́ kó kà á dópin, nítorí apá tó le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni.

Ẹ wo orúkọ ìlú tí òkè 41 yí ká yìí. Lójú títì tó lọ sí Parakou, Dassa-Zoumè ni wọ́n kọ. Ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá ní Nàìjíríà á kọ Ìdáàṣà, á fi àmì sábẹ́ s. Ẹni tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì èdè abínibí ní Bẹ̀nẹ̀ á kọ Ìdáàshà. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ èdè ẹ ó rí Idaasha, ẹ ó sì rí Idaca. Ẹni tó ń fi fóònù kọ̀wé ní kánmọ́kánmọ́ á kọ idasa, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìlú kan náà ni gbogbo wa ń sọ, a sì gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní etí. Lójú tirẹ̀, ìlú mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fi ọ̀kan wá a kò ní rí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ márùn-ún yòókù.

Ti Àjàṣẹ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn pè é ní Hogbonou, ìjọba pè é ní Porto-Novo. Kò sí ọgbọ́n lẹ́tà kankan tó lè fi hàn kọ̀ǹpútà pé ìlú kan ni. Àfi kí èèyàn sọ fún un.

Kí ló wá kàn wá nínú rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọ́n ń kọ oríkì ilé, orúkọ ewé, orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kó jọ tí a kò lè wá rí, kí ló fi yàtọ̀ sí ohun tó sọnù? Ìkejì ni ti orúkọ ẹni. Akọ̀wé tó kọ́ Faransé ló kọ orúkọ bàbá yín sílẹ̀, ó kọ Adechina. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Adéṣínà ló wà lórí ìwé tirẹ̀. Ìwé ìbí, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé ilẹ̀ ti ń kúrò nínú fáìlì páálí, wọ́n ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ bàbá kan náà làwọn méjèèjì, inú àpótí ìwárí ni wọn yóò tẹ orúkọ náà sí, kì í ṣe etí baálé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìwárí ṣe ń rí lábẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà níbì kan tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ pamọ́, tó tò wọ́n bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé: ọ̀rọ̀ yìí wà lójú ewé báyìí báyìí. Sáfà nìyẹn. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ni Solr. Yonik Seeley ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 nígbà tó wà ní CNET ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í fún Apache ní 2006 kí gbogbo ayé lè máa lò ó. Abẹ́ rẹ̀ ni Lucene wà, tí Doug Cutting kọ ní 1999. Orí Lucene yìí náà ni ìwárí inú Wikipedia dúró lé, ti Yorùbá pẹ̀lú.

Ní apá kejì, ètò tiyín wà, ìyẹn ojú ìwé tàbí áàpù tí èèyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ sí. Láàárín àwọn méjèèjì la máa ń fi ìránṣẹ́ kékeré kan sí, kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ tẹ́lẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Láíbírì ni wọ́n ń pè é. Fún ẹni tó ń fi Python ṣiṣẹ́, pysolr ni mo fẹ́ràn. Ó kéré, kò gba àkókò láti gbé wọlé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó gbé ìbéèrè lọ kó gbé èsì bọ̀. Gbogbo rẹ̀ nìyí:

import pysolr
solr = pysolr.Solr("http://localhost:8983/solr/oro", timeout=10)
esi = solr.search("ile")
print(esi.hits)
for e in esi: print(e["oro"])

Ìlà márùn-ún péré. Ìlà kejì sọ ibi tí sáfà wà, ó sì ní kó má dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ bí kò bá sí ìdáhùn. Ìlà kẹta béèrè. Ìkẹrin sọ iye tó rí, ìkarùn-ún kà wọ́n jáde. Ẹ lè kọ àdírẹ́sì náà sí orí ẹ̀rọ tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, kí ẹ fi /select?q=ile sí ìparí rẹ̀, èsì á jáde láìsí láíbírì kankan. Bí iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí ṣe kéré tó nìyẹn.

Ibí yìí ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹni tó tẹ idasa kò rí Ìdáàṣà, wọ́n ní kí a kọ ọgbọ́n náà sínú áàpù: kí áàpù yọ àmì kúrò, kó yí sh padà sí ṣ, kó tó rán ìbéèrè lọ. Ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù tiwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, olùkọ́ kan ní Kétu á fẹ́ fi JavaScript ṣe ojú ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abomey-Calavi á fẹ́ fi Python ka gbogbo rẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí. Ẹnìkan ní Abẹ́òkúta á fi PHP ṣe tirẹ̀. Oníkálukú á kọ ọgbọ́n tirẹ̀: ọ̀kan á rántí kp, èkejì á gbàgbé ɔ, ẹ̀kẹta kò ní mọ̀ pé Hogbonou wà láyé. Orí àkójọ kan náà, ìbéèrè kan náà, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn èèyàn á ní ìkan ń purọ́.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láàárín èèyàn, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Fún láíbírì ńkọ́? Rárá o. Ohun tí èèyàn tẹ̀ gan-an ni kó gbé lọ, pẹ̀lú àmì rẹ̀ tàbí láìsí àmì, kó má ṣe fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Sáfà ni kí ọgbọ́n wà, lẹ́ẹ̀kan, níbi tí gbogbo áàpù á ti máa jẹ nínú rẹ̀.

Irú ọgbọ́n wo? Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀nà tí a gbà ń kọ èdè yìí. Ní Nàìjíríà, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni wọ́n ń lò: ẹ, ọ, ṣ, p. Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè jáde ní 1975, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà: ɛ, ɔ, sh, kp. Ẹ̀kẹta ni ti Faransé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní kíláàsì Yorùbá ṣùgbọ́n tó wà lórí ìwé gbogbo wa: ou dípò u, ch tàbí tch dípò ṣ, dj dípò j. Ẹ̀kẹrin ni ti Bíbélì àtijọ́. Odindi Bíbélì Yorùbá ti wà láti 1884, ẹni tó bá ka ẹ̀dà àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní á rí aiye níbi tí a ti ń kọ ayé, á sì rí enia níbi tí a ti ń kọ ènìyàn. Ẹ̀karùn-ún ni ti fóònù, tí kò ní àmì kankan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí n má ka ìyẹn mọ́ àkọtọ́. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń fèsì lójú ewé yìí, mi ò sì bínú.

Ìṣòro kan tún wà tí ojú kò rí. Lẹ́tà ẹ́ tí ẹ ń wò yìí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà. Àkópọ̀ ni. Ẹ̀rọ kan á kọ ẹ, á wá fi ohùn òkè lé e. Òmíràn á kọ é, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Méjèèjì rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn nínú kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Ìlànà Unicode ti pèsè ọ̀nà láti sọ àwọn méjì yìí di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pè é, sáfà sì lè ṣe é fúnra rẹ̀ bí ẹ bá sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ e dípò ẹ̀ka tótó. Unicode kò ka ìyẹn sí ohun kan náà rárá, NFC kò sì ní so wọ́n pọ̀ títí ayé. Àfi kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wa.

Nínú Solr, fáìlì lásán kan ni a máa kọ ọ́ sí, irú èyí tí ọmọ iléèwé lè kà:

"ɛ" => "ẹ"
"ɔ" => "ọ"
"sh" => "ṣ"
"kp" => "p"
"e̩" => "ẹ"
"o̩" => "ọ"

Ẹ tún fi ti lẹ́tà ńlá kún un. Orúkọ ohun èlò tó ń ka fáìlì yìí ni MappingCharFilter. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń kó ọ̀rọ̀ wọlé, ó tún máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìbéèrè bá dé, kí àwọn méjèèjì lè pàdé lójú kan. Ohun tí èèyàn kọ kò yí padà o. Ìwé tí ẹ fi ɛ kọ á ṣì jáde pẹ̀lú ɛ. Atọ́ka nìkan ló yí. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà pa ìkọ̀wé Bẹ̀nẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ Solr lè sọ pé kí ló dé tí a ò kàn lo àwọn ètò èdè tó ti wà nínú rẹ̀. Ó ní ti Faransé, ti Jámánì, ti Lárúbáwá, ti Híńdì àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Kò ní ti Yorùbá. Nítorí náà ẹni tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ sábà máa ń mú ti Faransé, torí pé òun ló mọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ètò Faransé ní àkójọ ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó máa ń jù nù nítorí pé wọn kò wúlò fún ìwárí lédè Faransé: le, la, ma, ta, sa, tu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá jẹ́ kí èèyàn tẹ "ma ta ile" láìfi àmì sí i, ó ń wá ìtàn bàbá tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ta ilẹ̀. Sáfà á ju ma nù, á ju ta nù. Ile nìkan ló kù. Gbogbo ohun tó kan ilé àti ilẹ̀ á ya dé, ọ̀rọ̀ bàbá á sì sọnù sáàárín wọn. Pysolr kò ní sọ fún yín pé nǹkan ṣẹlẹ̀, nítorí ìránṣẹ́ ni, ó ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti Faransé fún àlàyé tí a kọ ní Faransé, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ má fi í sórí Yorùbá.

Ìdàkejì àṣìṣe náà ni pé kí a yọ gbogbo àmì kúrò pátápátá. Ó rọrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àti ilẹ̀ á di ọ̀kan. Ọkọ tí a fẹ́, ọkọ̀ tí a wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, gbogbo rẹ̀ á di oko, wọ́n á tún lọ bá oko fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fara balẹ̀ tẹ ọkọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ ti ṣe wàhálà láti sọ ohun tó fẹ́. Kí a wá kó ọkọ́ fún un, àbùkù ni.

Ọ̀nà tó dára, ó sì pẹ́ tí Solr ti ní in, ni pé kí a tọ́jú ọ̀rọ̀ kan náà sí ibi mẹ́ta. Ibi àkọ́kọ́, tí mo pè ní gangan, pa ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ mọ́. Àkọtọ́ nìkan ló sọ di ọ̀kan. Ibi kejì, aarin, yọ ohùn kúrò ṣùgbọ́n ó fi ẹ, ọ, ṣ sílẹ̀. Ibi kẹta, lasan, yọ gbogbo rẹ̀. Solr á ṣe ẹ̀dà wọn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, a ní kó wo gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kó ka gangan sí jù:

esi = solr.search("ọkọ̀", defType="edismax", qf="gangan^9 aarin^4 lasan", rows=10)

Ẹni tó tẹ ọkọ̀ á rí ọkọ̀ lókè, á wá rí ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ nísàlẹ̀ bó bá fẹ́ wá wọn débẹ̀. Ẹni tó tẹ oko láìmọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí fóònù kò ní pàdánù ohun kankan, gbogbo wọn á jáde fún un, á fi ojú ara rẹ̀ ṣà. Òótọ́ ni pé oko tí a ń ro á ṣáájú fún un. Mo gbà bẹ́ẹ̀. A kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ lé e padà. Nọ́ńbà 9 àti 4 yẹn kì í ṣe òfin. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ yí i padà.

Orúkọ èèyàn ní láti ní ibi tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni mo ti fẹ́ kí ou di u, kí dj di j, kí ch di ṣ. Bí ẹ bá ṣe é káàkiri gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ ó ba oun jẹ́, ìyẹn òun tí a fi ń pe ẹlòmíràn, nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfi ohùn sí i. Á di un. Irú nǹkan báyìí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rò ó láéláé bó ti wù kó mọ kọ̀ǹpútà tó.

Ti Àjàṣẹ́, Hogbonou àti Porto-Novo, fáìlì mìíràn wà fún un, ti àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan, ẹ fi kọ́má sáàárín wọn, ó tán. Ẹni tó bá wá ọ̀kan á rí ti gbogbo wọn.

Mo ní láti sọ ti ìnáwó pẹ̀lú. Ìránṣẹ́ fúyẹ́, sáfà kò fúyẹ́. Java ni Solr fi ń ṣiṣẹ́, 512 MB ni ó sì máa ń gbà fún ara rẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà bí ẹ kò bá yí i padà. Kọ̀ǹpútà kan tó mọ níwọ̀n lè gbé e, ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ àti Kétu pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀kan ló tọ́. Ẹni tó jẹ́ pé àkójọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mélòó kan ló ní, tó sì fẹ́ kó wà nínú fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò nílò Solr rárá. SQLite ní ìwárí tirẹ̀ tó lè yọ àmì kúrò, kó lo ìyẹn, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ sáfà yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n fáìlì àkọtọ́ yẹn á ṣì wúlò fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí 8983 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí Solr bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè fi ìránṣẹ́ kan náà tí mo yìn lókè yìí pa gbogbo àkójọ rẹ́, solr.delete ló ń jẹ́, ìlà kan péré. Kí áàpù yín bá sáfà sọ̀rọ̀ láti inú ilé, kí àwọn ará ìta bá áàpù sọ̀rọ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Apá kan ní kí gbogbo ará Bẹ̀nẹ̀ kàn máa kọ bíi ti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ á tán. Apá kejì ní òfin orílẹ̀-èdè wa ni ɛ àti ɔ, kí àwọn ará ọ̀hún wá bá wa. Ìjà yìí ti ju ogójì ọdún lọ, kò sì sí ìdí tí àkójọ oríkì wa á fi dúró dè é. Ìlà mẹ́rin nínú fáìlì ló yanjú rẹ̀ ní ti ìwárí, kí àwọn tó ń jà máa bá ìjà wọn lọ ní àlàáfíà. Apá kẹta ní Google á ṣe é. Ohun tó ti wà ní gbangba ni Google lè wá, a ò sì ní àṣẹ kankan lórí bó ṣe ń ka lẹ́tà wa. Ohùn bàbá àgbà tó wà nínú fóònù ọmọ rẹ̀ kò sí ní Google. Ẹ wo YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kó orúkọ Yorùbá jọ sí ibi tí a ti lè wá a.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe owó. Kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan, òǹkàwé ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìwé ìbí, àti ọ̀dọ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú bébà àti bíírò, kí wọ́n kọ fáìlì náà. Àríyànjiyàn á wà. Ṣé an àti ọn á di ọ̀kan, kí ẹni tó kọ Kútanu lè rí Kútọnu? Èmi ní kí wọ́n di ọ̀kan nínú lasan, kì í ṣe nínú gangan. Ṣé aiye á di ayé? Bẹ́ẹ̀ ni, láìjanpata. Ọ̀rọ̀ Ìdáàṣà tí kò sí nínú Yorùbá ìwé ńkọ́, ṣé kí a tò ó pọ̀ mọ́ ti Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ kan náà? Níbí ni mo ti ń lọ́ra. Bí ẹni bá wá ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́, kó rí ti Ìdáàṣà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìdáàṣà bá fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ wá nǹkan, ti ilé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rí, kí ti Ọ̀yọ́ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Solr gbà kí a kọ ọ́ sí apá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọfà dípò kọ́má: ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ lápá òsì, àwọn méjèèjì lápá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ẹ kọ orúkọ ìlú tàbí abúlé yín sísàlẹ̀ níbí, bí ẹ ṣe ń pè é nílé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú títì, àti bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń kánjú. Ti Ìdáàṣà ti wà lókè.